Lẹ́tà sí bàbá tó ní kí n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri

Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ máa ń jókòó ṣọ́ yàrá ní National Gallery, ilé tí wọ́n kó àwòrán sí ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ kú iṣẹ́ o sà. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní rántí mi, èrò tó ń gba iwájú yín kọjá ò lóǹkà. Èmi ni mo gbé fóònù sókè níwájú àwòrán ọkùnrin méjì yẹn, The Ambassadors tí Hans Holbein yà lọ́dún 1533, mo ya fọ́tò ẹyọ kan, mo ti ń lọ.

Ká sòótọ́, eré ni mò ń sá. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọlé, àwòrán tí wọ́n ní sì lé ní 2,300, mo wá ní kí n ṣáà rí Sunflowers ti Van Gogh kí n máa lọ, torí òun ni gbogbo ayé mọ̀. Nígbà tẹ́ ẹ dìde tẹ́ ẹ ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, àyà mi já, mo rò pé torí fóònù yẹn ni, mo ti ń múra àtibẹ̀bẹ̀, àfi bẹ́ ẹ ṣe nawọ́ sápá ọ̀tún, ẹ ní kí n lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí n wá ti ibẹ̀ wo nǹkan gbọọrọ tó wà nísàlẹ̀ àwòrán yẹn.

Mo ti rí i tẹ́lẹ̀ o, mo rò pé ọ̀dà ló dànù síbẹ̀ ni (ẹ má rẹ́rìn-ín). Agbárí òkú! Eyín, ihò ojú, gbogbo ẹ̀ kàn kóra jọ lójú mi, tí mo bá sì padà síwájú, á tún di radarada. Mò ń lọ, mò ń bọ̀, bí ọmọdé.

Ẹ tún fi okùn tó já lára gìtá ayé àtijọ́ yẹn hàn mí, àti àgbélébùú lókè lápá òsì tí kọ́tìnì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò tán. Ọjọ́ orí àwọn ọkùnrin méjèèjì gan-an wà níbẹ̀, 29 lára àkọ̀ ọ̀bẹ ẹnì kan, 25 létí ìwé tí ẹnì kejì gbé ìgúnpá lé. Irú irùngbọ̀n yẹn, èmi ti ń pè wọ́n ní bàbá!

Ohun tó ń dùn mí ni pé mi ò dúpẹ́. Àwọn ọmọ iléèwé ya wọlé, ẹ sáré lọ bá wọn kí wọ́n má baà fọwọ́ kan nǹkan, èmi náà bá rìn. Sunflowers ọ̀hún, mi ò débẹ̀ mọ́.

Mo ti padà lọ o, ẹlòmíì ló jókòó sáyè yín. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé, ó gbé fóònù sókè, ó ya ẹyọ kan, ó ti ń lọ. Mo rọra fọwọ́ kàn án léjìká, mo nawọ́ sápá ọ̀tún.