Lẹ́tà sí Bísí lórí eré ìdárayá Ayọ̀

Ìbàdàn

Bísí ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Bàbá Ayọ̀ ńkọ́? A dúpẹ́ níbí, ara gbogbo wa le. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tí o fi ohùn rẹ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo sì gbọ́ bí ọkàn rẹ ṣe dàrú nínú rẹ̀. O ní wọ́n wọn Ayọ̀ nílé ìwé bí wọ́n ṣe máa ń wọn àwọn ọmọ Year 6 (kíláàsì tó kẹ́yìn nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀) ní England, lẹ́tà sì wá sílé pé ó ti sanra kọjá bó ṣe yẹ. O ní bàbá rẹ̀ ti wá ń mú un lọ sáré yí pápá ká láràárọ̀, ọmọ á máa mí hẹlẹhẹlẹ, á máa sunkún, ìwọ sì ń bi mí bóyá bó ṣe yẹ kó le tó nìyẹn.

Rárá o. Ẹ dá a dúró ná.

Ṣé o rí i, ọmọ tí ara rẹ̀ wúwo, tó bá rìn kíákíá lásán, ọkàn rẹ̀ lè máa lù bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń sáré. Ohun tó jọ ìrìn gbẹ̀fẹ́ lójú bàbá rẹ̀, iṣẹ́ ni lára ọmọ náà. Ẹ má fi ti ọmọ ẹlòmíì wọn tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ fi mọ̀ ọ́n: bó bá lè bá yín sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin, eré yẹn mọ níwọ̀n. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló lè sọ kó tó mí, ó ti le nìyẹn.

Wọ́n ti yẹ ìbéèrè rẹ yìí wò dáadáa ní Augusta, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà. Olùwádìí kan, Bernard Gutin, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn ọmọ ọdún 13 sí 16 tó sanra jù jọ fún oṣù 8. Wọ́n fún àwọn kan ní eré ìdárayá tó le, wọ́n fún àwọn kan ní èyí tó mọ níwọ̀n. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2002, àwọn tó ṣe èyí tó le ni okun wọn pọ̀ sí i, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wọn lágbára. Ṣùgbọ́n ní ti ọ̀rá ara, wọn ò rí ẹ̀rí tó dájú pé èyí tó le borí èkejì. Ní 2012, wọ́n tún gbé iṣẹ́ mìíràn jáde níbẹ̀ lórí ọmọ 222. Àwọn kan nínú wọn ń ṣeré fún 20 ìṣẹ́jú lẹ́yìn ilé ìwé, àwọn kan fún 40, ara ìsọ̀rí méjèèjì sì ń lo ínsúlínì (èròjà inú ara tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀) dáadáa sí i, èyí tó ń lé àtọ̀gbẹ jìnnà. Okùn ni wọ́n ń fò, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n ń lé ara wọn kiri. Inú àwọn ọmọ ń dùn, wọn ò sì bá ara wọn díje.

Nítorí náà, mi ò ní kó má le láéláé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa ṣeré ìdárayá fún 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́, kí èyí tó le sì wà nínú rẹ̀ ní ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Ibẹ̀ là ń lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ la ó fi débẹ̀. Ọmọ tó bá kórìíra pápá ní ọdún 10, ta ni yóò mú un padà síbẹ̀ ní ọdún 15? Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ ẹkún tí o sọ nìyẹn.

Ṣé o rántí ẹkùn mẹ́ran? À á sáré àsápajúdé, à á dúró mí, à á tún sáré. Irú eré bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ fún un, kí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ẹkùn.

Bó bá ń tiro, tàbí tó ń sọ pé orúnkún tàbí itan ń dun òun, ẹ dá gbogbo rẹ̀ dúró kí ẹ mú un lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà. Nínú ọmọ tó sanra tó sì ń dàgbà, orí egungun itan lè yẹ̀ kúrò nípò níbi ìbàdí, kó jẹ́ orúnkún ni yóò máa dùn ún. Bákan náà ni bó bá ní àyà ń dun òun tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ.

Ní ti oúnjẹ, má dáná tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kí ẹlẹ́rìndòdò kúrò nínú fíríìjì gbogbo ilé. Má sì máa gbé e sórí ìwọ̀n lójoojúmọ́, ó ṣì ń ga. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá dúró lójú kan tó sì ń ga sí i, iṣẹ́ ń lọ. Ẹni tó bá sì ń pè é ní orobo nínú ilé yẹn, ì báà fi ṣeré, kó jáwọ́ lónìí. Ó dùn mí gan-an.

Bi Ayọ̀ léèrè eré tó wù ú jù, kí o fi ohùn rẹ̀ gan-an ránṣẹ́ sí mi kó tó di ọjọ́ Àìkú, kí n lè ṣètò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ fún un. Bá mi kí ọkọ rẹ, sọ fún un pé mo mọ̀ pé ìfẹ́ ọmọ ló ń ṣe é.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Fúnmi