Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwa Káfíńtà Ṣakí Lórí Iná Igbó Tó Ń Jó Ilé

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ àti gbogbo káńsẹ́lọ̀.

Ẹ̀yin àgbà wa, a kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Òjò ti ń palẹ̀ mọ́, ọyẹ́ ò ní pẹ́ dé, koríko tó ga ju èèyàn lọ sì ti yí àwọn àdúgbò tuntun tó wà lọ́nà oko ká. A ní ká tètè kọ̀wé kí iná tó ràn.

Bí ilé bá jó, àwa ni wọ́n ń pè wá tú òrùlé. Ohun tí a ń bá lókè kì í ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò. Ní èyí tí a tú kẹ́yìn, ògiri ò dúdú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ṣì tutù yọ̀yọ̀. Igi abẹ́ ẹtí páànù ló ti di èédú. Iná igbó ò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ilé náà. Màjàlà tí iná ṣì wà lára rẹ̀ ni atẹ́gùn gbé wá, tó gba àlàfo àárín ògiri àti páànù wọlé, tó lọ bá ewé gbígbẹ àti ìtẹ́ ẹyẹ lórí sílíìnì. Kí ọkọ̀ panápaná tó dé, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Èyí tó jẹ wá lógún jù ni pé kí káńsù ro ilẹ̀ tó wà láàárín ilé ìkẹyìn àti igbó mọ́lẹ̀ kí oṣù Bélú tó parí, kí iná má rí koríko jẹ kọjá. Níbi tí ọkọ́ ò bá ká, kí wọ́n sun ún díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀, nígbà tí ìdí koríko ṣì tutù tí atẹ́gùn ò tíì dìde, kí àwọn ọdẹ sì dúró tì í. Àwọn kan á ní kí ìjọba kúkú fòfin de iná sísun pátápátá. A ò fara mọ́ ọn. Koríko tí a dá sí ní Bélú, Èrèlé ni yóò jó, nígbà tí apá ẹnikẹ́ni ò ní ká a. Iṣẹ́ ni ọdẹ ọ̀yà, darandaran tó ń wá koríko tútù àti àgbẹ̀ tó ń palẹ̀ oko ń fi iná ṣe. Ẹ pè wọ́n jókòó pẹ̀lú àwọn Baálẹ̀, kí wọ́n mú ọjọ́, kí akéde sì ké e ní ọjà. (Ìpàdé yẹn á gùn, á sì gbóná, a mọ̀.)

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa béèrè nẹ́ẹ̀tì onírin ní ẹtí òrùlé kí ẹ tó fọwọ́ sí pílánì ilé, èyí tí ihò rẹ̀ ò ju mílímítà 3 lọ. Ti rọ́bà ò wúlò, iná á yọ́ ọ. Kí igi ìdáná má sì sún mọ́ ògiri tó ẹsẹ̀ bàtà 5.

Ní tiwa, a ti fòfin de sísun èérún pákó ní ṣọ́ọ̀bù títí òjò yóò fi padà. Ẹ ṣáà fún wa níbi tí a ó máa dà á sí. Ilé arúgbó àti opó tí ò lágbára, a ó kan nẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ láìgba owó iṣẹ́, bí káńsù bá lè ra nẹ́ẹ̀tì àti ìṣó.

A ń retí èsì yín.

Alága àti Akọ̀wé,
lórúkọ ẹgbẹ́ káfíńtà, Ṣakí