Kí kọ̀ǹpútà wọ inú gbogbo kọ́ọ̀sì ẹnjiníà ní fásitì

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ẹnjiníà ní fásitì, nítorí ọ̀rọ̀ náà ń ká mi lára. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ, kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún kọ̀ǹpútà, ní ọdún kìíní tàbí ìkejì. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́ bí a ṣe ń to orúkọ tẹ̀ léra àti bí a ṣe ń ro máàkì kíláàsì pọ̀, á yege ìdánwò, á sì pa ìwé náà dé. Bí ó bá dé orí ẹ̀kọ́ nípa ooru, nípa ìṣàn omi tàbí nípa agbára irin àti kọnkéré, ẹnikẹ́ni kì í sábà dárúkọ kọ̀ǹpútà fún un mọ́ títí iṣẹ́ àṣekágbá yóò fi dé, tí wọn yóò sì máa retí pé kí ó mọ gbogbo rẹ̀ lójijì.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí kọ̀ǹpútà wọ inú àwọn kọ́ọ̀sì wọ̀nyẹn gan-an. N kò ní kí a tún fi òmíràn kún èyí tó wà nílẹ̀, nítorí ẹrù tó wà lórí àwọn ọmọ yìí ti wúwo tó. Fortran, èdè kọ̀ǹpútà tí John Backus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM gbé jáde ní 1957, nítorí ìṣirò àwọn ẹnjiníà àti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni wọ́n ṣe ṣe é. Ó ti pẹ́ tí kọ̀ǹpútà ti di irinṣẹ́ wa. Bí a ṣe ń kọ́ni ni kò tíì bá a mu.

Ẹ wo ọ̀pá irin kan tí a gbé lé òpó méjì, tí ẹrù wà láàárín rẹ̀. Fọ́múlà tí a fi ń mọ bí yóò ṣe tẹ̀ tó wà nínú ìwé. Kí olùkọ́ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi bírò ṣe é. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kọ ètò kékeré kan sórí kọ̀ǹpútà, tí yóò pín ọ̀pá náà sí ọ̀nà 10, kí ó ṣírò rẹ̀, kí ó tún pín in sí 20, kí ó pín in sí 40, kí wọ́n sì fojú ara wọn rí bí ìdáhùn ṣe ń sún mọ́ ti bírò díẹ̀díẹ̀. Nígbà náà ni kí ó wá fún wọn ní ọ̀pá tó nípọn níbìkan tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ níbòmíràn, èyí tí fọ́múlà inú ìwé kò ká mọ́. Ẹni tó bá ṣe èyí dópin á mọ ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe fún un, á sì mọ ibi tí ẹ̀rọ ti lè tàn án jẹ.

Ọ̀rọ̀ ìtànjẹ yìí ni mo fẹ́ tẹnu mọ́, nítorí ẹ̀mí àti dúkìá wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 1991, ìpìlẹ̀ kọnkéré tí wọ́n kọ́ fún Sleipner A, gbàgede orí òkun tí wọ́n fẹ́ máa ti wa epo àti gáàsì, rì sínú omi Gandsfjord ní Nọ́wè níbi tí wọ́n ti ń dán an wò. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣírò ipá tí yóò máa wà nínú ògiri rẹ̀ bí omi bá ń tì í. Àmọ́ níbi tí àwọn ògiri náà ti pàdé ara wọn, bí wọ́n ṣe pín in fún ìṣirò kò ṣe wẹ́kú, ètò náà sì fi ìdá 47 nínú 100 dín ipá náà kù. Ògiri kò nípọn tó, ó sán, omi ya wọlé, àdánù rẹ̀ sì tó nǹkan bí 700 mílíọ̀nù dọ́là. Nígbà tí wọ́n tún ìṣirò náà ṣe fínnífínní lẹ́yìn ìjàǹbá, ó sọ pé ìpìlẹ̀ náà yóò fọ́ bí ó bá wọ omi tó mítà 62. Mítà 65 ló ti fọ́. Irinṣẹ́ kan náà ì bá ti kìlọ̀ fún wọn, ká ní ẹnì kan bi í ní ìbéèrè bó ṣe yẹ.

Ní oṣù kejì ọdún yẹn kan náà, ní Dhahran ní Saudi Arabia, ẹ̀rọ Patriot tó yẹ kó já ohun ìjà Scud lójú ọ̀run kùnà, ọmọ ogun Amẹ́ríkà 28 sì kú. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ni aago inú rẹ̀ fi ń ka àkókò, iye kan tí kọ̀ǹpútà, tó jẹ́ pé òdo àti ení nìkan ló fi ń kọ nọ́ńbà, kò lè kọ tán. Àṣìṣe bíńtín yìí kóra jọ fún nǹkan bí 100 wákàtí, títí ó fi di ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá, ẹ̀rọ náà sì ń wá ohun ìjà náà níbi tí kò sí. Akẹ́kọ̀ọ́ lè rí irú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: kí ó ní kí Python, èdè kọ̀ǹpútà kan, ro 0.1 pọ̀ mọ́ 0.2, yóò rí 0.30000000000000004.

Owó kọ́ ni ìdènà tó tóbi jù, nítorí ọ̀fẹ́ ni Python àti GNU Octave, tí òun náà wà fún ìṣirò. Àwa olùkọ́ ni iṣẹ́ pọ̀ fún, pàápàá àwa tí a ti ń lo àkọsílẹ̀ kan náà tipẹ́, ó sì yẹ kí fásitì fún wa ní àkókò àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ láti tún un ṣe. Àwọn kan ń sọ pé kíkọ́ irú nǹkan báyìí kò pọn dandan mọ́ níwọ̀n bí ChatGPT ti lè kọ ètò fúnni. Lójú tèmi, ìyẹn gan-an ló mú un pọn dandan: ẹni tí kò bá kọ irú rẹ̀ rí kò lè mọ èyí tí yóò wó ilé.

Inú ìdánwò ni mo rò pé ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tí a kò bá ní bi akẹ́kọ̀ọ́, kì í sábà kà á. Láti ọdún kejì, nínú kọ́ọ̀sì ẹnjiníà kọ̀ọ̀kan, kí a máa fún wọn ní ìdáhùn kan tí kọ̀ǹpútà ti ṣe, kí wọ́n sọ bóyá ó ṣe é gbà gbọ́, kí wọ́n sì fi bírò ṣàlàyé ìdí. Èyí kò gba kọ̀ǹpútà kankan nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ìpàdé ẹ̀ka kan ṣoṣo sì tó láti fọwọ́ sí i kí sáà tó ń bọ̀ tó wọlé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kan