Ẹ Kọ Ọ́ Sílẹ̀ Kí Ẹ Tó Jáde

Ìrẹ̀mọ, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ kú àìsùn. Ọlọ́run á dá wọn sí fún wa. Ọ̀rọ̀ kan lórí ohun tó yẹ kí ẹ kọ sílẹ̀ fún ẹni tó ń bá yín wo ọmọ ti wà nínú mi láti ọjọ́ Ọlọ́jọ́ tó kọjá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ara ó tù mí.

Lọ́jọ́ yẹn, ọmọ mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ fẹ́ lọ sí Ẹnuwá lọ wo Ọọ̀ni nínú adé Arè. Wọ́n gbé ọmọ wọn wá sọ́dọ̀ mi, kò tíì pé ọdún 2. "Màmá, a ò ní pẹ́." Mo ní kí wọ́n máa lọ. Èmi tí mo bí márùn-ún, tí mo sì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé fún ọdún 33, kí ni mo tún fẹ́ máa bi wọ́n?

Ara ọmọ náà ti gbóná díẹ̀ láàárọ̀, a ní eyín ló fẹ́ hù. Nígbà tó di ọ̀sán, ojú rẹ̀ yí sókè, ọwọ́ òun ẹsẹ̀ ń gbọ̀n. Gìrì ni. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tó fi dáwọ́ dúró, ọmọ wá rọ jọ̀wọ̀rọ̀ sí mi lọ́wọ́. Mo pe ìyá rẹ̀, fóònù dún títí, kò gbé e. Ta ni yóò gbọ́ fóònù nínú ìlù Ọlọ́jọ́? Mo pe bàbá rẹ̀, fóònù tiẹ̀ ti kú pátápátá.

Ibi tí ojú ti ń tì mí nìyí. Mo jókòó. Ó tó ìdajì wákàtí tí mo fi jókòó, tí mo ń tún ìyá ọmọ pè. Ohun tí mo ń rò ni pé bí mo bá gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ sí ọsibítù láìsọ fún wọn, wọ́n á ní Màmá ti tún ṣe àṣejù. Aládùúgbò kan ló wọlé tó pariwo mọ́ mi kí n tó dìde.

Nígbà tí a débẹ̀, nọ́ọ̀sì mú báírò: "Màmá, kílò mélòó ni ọmọ? Jẹnotáìpù rẹ̀ ń kọ́? Òògùn wo ló lò láàárọ̀? Ṣé òògùn kan wà tí kì í bá a lára mu? Ṣé ó ti ní gìrì rí?" Mo kàn ń wò ó ni. Oríkì ọmọ yẹn nìkan ni mo mọ̀ dáadáa, wọn ò sì bi mí ní oríkì. Wọ́n ní kí n lọ sanwó, ẹgbẹ̀rún méjì náírà ló wà ní kókó aṣọ mi.

Ọmọ náà yè, ọpẹ́ ni fún Olódùmarè. Ṣùgbọ́n bí ìyá tó bí ìyá ọmọ bá lè máa bẹ̀rù báyẹn, kí ni ẹ rò pé ọmọbìnrin ọdún 17 tí ẹ gbà láti máa bá yín wo ọmọ yóò ṣe? Ẹ̀yin tí ẹ ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ gbé ọmọ jáde, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó yín?

Nítorí náà, ẹ wá páálí, ẹ mú báírò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Àṣẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, kí nọ́ńbà fóònù tó tẹ̀ lé e: "Bí ọmọ bá ní gìrì, bí mímí bá nira fún un, bí kò bá jí dáadáa, bó bá gbé nǹkan olóró mì, gbé e lọ sí ọsibítù. Má dúró dè wá. A ò ní bínú." Ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ fi owó sínú àpòòwé, kí ẹ fi í síbi tí òun náà mọ̀. Àṣẹ tí kò ní owó ọkọ̀ nínú, ẹnu lásán ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni nọ́ńbà. Orí páálí ni kí ó wà o, kì í ṣe inú fóònù tí ẹ ti tì pa, tí iná sì lè tán nínú rẹ̀. Ẹ kọ ti ẹni mẹ́ta, ó kéré tán. Tọkọtaya tó jọ wà níbi ìnáwó kan náà, ẹyọ kan ni mo kà wọ́n sí. Ẹnìkẹta gbọ́dọ̀ jẹ́ aládùúgbò tó ní mọ́tò. Ẹ fi 112 kún un, òun ni nọ́ńbà pàjáwìrì fún gbogbo Nàìjíríà, wọn kì í gba owó ìpè, ṣùgbọ́n ẹ má torí ẹ̀ yọ aládùúgbò kúrò.

Ẹ kọ bí wọ́n ṣe ń júwe ilé yín pẹ̀lú. Ní Ifẹ̀ wa níbí, ta ló ń fi nọ́ńbà wá ilé? A máa ń ní "tó o bá kọjá Lágere, bèèrè ilé alágbẹ̀dẹ". Ẹni tó ti Iwó wá bá yín wo ọmọ ní oṣù tó kọjá kò mọ alágbẹ̀dẹ. Ẹ ní kó júwe ilé náà fún yín bíi pé ẹ wà lórí fóònù.

Ẹ kọ ọsibítù tí ẹ fẹ́ kó gbé ọmọ lọ. Bó bá jẹ́ Tíṣìn tó wà ní ọ̀nà Iléṣà ni, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ so káàdì ọmọ mọ́ páálí. Ẹ kọ ọjọ́ orí rẹ̀, jẹnotáìpù rẹ̀, òògùn tí kì í bá a lára mu, àti kílò rẹ̀, nítorí kílò ni wọ́n fi ń wọn òògùn ọmọdé. Ẹ ṣọ́ra fún parasitamó̩ọ̀lù o. Èyí tí wọ́n ń kán sẹ́nu ọmọ ọwọ́ àti èyí tí wọ́n ń fi ṣíbí bù, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń kán lè lágbára tó ìlọ́po mẹ́rin èkejì. Ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sára ìgò fúnra yín. Bí wọ́n bá sì ti sọ fún yín pé ọmọ ní àìtó G6PD, èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà pé káńfọ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú aṣọ rẹ̀.

Ó ku ohun tí ẹni tó ń bá yín wo ọmọ kò gbọdọ̀ ṣe, àwọn ẹgbẹ́ mi kan á sì bínú sí mi lórí èyí. Bí gìrì bá mú ọmọ, kó fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kó wo aago, kó gbé e lọ. Kò gbọdọ̀ ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kò gbọdọ̀ na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí iná. Kò gbọdọ̀ fún un ní àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù ṣe. Àgbo yẹn ti pa ọmọ nílẹ̀ Yorùbá yìí ju bí a ti ń jẹ́wọ́ lọ. Bó bá mu kẹrosíìnì, kò gbọdọ̀ fún un ní epo pupa, kò gbọdọ̀ mú un bì, torí bíbì yẹn lè gbé kẹrosíìnì wọ ẹ̀dọ̀fóró. Bí omi gbígbóná bá jó o, omi tútù ni kó máa dà sí i fún ìṣẹ́jú 20. Kò gbọdọ̀ fi ẹyin pa á, kò gbọdọ̀ fi ọṣẹ ìfọyín pa á.

Páálí tiwa wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì mi báyìí, páálí bisikí ni, sẹ́lótéèpù ló gbé e dúró. Ọmọ mi wá lọ́jọ́ Sátidé, kò tiẹ̀ tíì kí mi tán tó fi mú báírò, ó fagi lé kílò 11, ó kọ 13 sí i.

Èmi ni,
Ìyá Àgbà yín