Lẹ́tà sí Àbúrò Mi Tó Fẹ́ Wá Kọ́lé sí Conkal

Bùkọ́lá mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo sì tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ìwọ àti Bàbá Tóbi ti rí ilẹ̀ rà ní Conkal níbí, ní ìpínlẹ̀ Yucatán ní Mẹ́síkò, nítòsí mi, àti pé ẹ fẹ́ fi Houston sílẹ̀ kí ọdún yìí tó parí. Ṣùgbọ́n nígbà tí o dé ibi tí o ti ní ẹ ti rí ilé aláràbarà kan létí òkun ní Progreso, pé ẹ fẹ́ san owó ọdún kan sílẹ̀ kí ọkàn yín lè balẹ̀ títí ilé yín á fi parí, àyà mi já. Mo ní n ò ní pè ọ́. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọkọ rẹ náà lè kà á.

Etí òkun yẹn ni àwa náà kọ́kọ́ gbé. Mi ò sọ gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀yin ará ilé nígbà náà, torí ojú ń tì mí. Ọdún 2017 la dé. Ẹni tó ya àwòrán ilé fún wa sọ pé oṣù mẹ́jọ ni iṣẹ́ máa gbà, a sì gbà á gbọ́. A gba ilé tí àga, bẹ́ẹ̀dì, éésì, gbogbo ẹ̀ ti wà nínú rẹ̀, owó dọ́là, oṣù mẹ́fà sílẹ̀. Oṣù mọ́kàndínlógún ni ilé wa gbà kó tó ṣeé wọ̀. Nígbà tó fi máa kan dẹ́kìn, a ka owó tó kù, kò tó irin, kò tó kọ́ńkéré. Bàbá Fọlá jókòó sórí àpò símẹ́ǹtì láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Owó dẹ́kìn wa, létí òkun la ti ná an.

Ohun kan tún wà tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa. Ilé etí òkun Yucatán ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀. Láti oṣù Kọkànlá dé oṣù Kẹrin, àwọn ará Kánádà àti Amẹ́ríkà tó ń sá fún òtútù ló máa ń kún ibẹ̀, owó ilé á sì gbéra. Tó bá di oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, àwọn ọmọ Mérida, olú-ìlú Yucatán, fúnra wọn ló ni etí òkun: ilé-ìwé ti wọlé ìsinmi, ìyá, bàbá, ọmọ, ọmọ-ọmọ, gbogbo wọn á kó lọ sí ilé wọn ní Progreso, ní Chelem, ní Chicxulub. Onílé tó gba àlejò sílé nígbà òtútù, ó máa fẹ́ ilé rẹ̀ padà fún ẹbí rẹ̀. Ìparí oṣù Kẹfà ni wọ́n ní kí àwa kúrò. Onílé kò rẹ́ wa jẹ o. Ó wà nínú àdéhùn tí a fọwọ́ sí, ní èdè Sípáníìṣì tí a kò kà yé. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí a kó ẹrù, a ò sì mọ ibi tí à ń kó o lọ. Hòtẹ́ẹ̀lì la sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Kí n sọ ti fèrèsé ìdáná fún ọ. Láti Progreso sí ilẹ̀ wa, bí ogójì ìṣẹ́jú ni nínú ọkọ̀, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì péré la máa ń lọ lọ́sẹ̀. Maestro de obra wa, ìyẹn ọ̀gá àwọn bíríkìlà, pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ Ajé kan, ó bi mí ní nǹkan kan, mo dáhùn pé “sí, sí.” Mi ò gbọ́ ohun tó bi mí. Nígbà tí a débẹ̀ lọ́jọ́bọ̀, fèrèsé ìdáná ti kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, búlọ́ọ̀kù ti ga dé orí rẹ̀. Bùkọ́lá, oòrùn ọ̀sán oṣù Kẹrin àti oṣù Karùn-ún ní Yucatán kì í ṣe oòrùn tí ènìyàn ń ṣí fèrèsé sí. A wó o, a tún un mọ. Owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ló bá a lọ. Ẹ̀bi èmi tí mi ò sí níbẹ̀ ni, mi ò lè dá ọkùnrin náà lẹ́bi. Ojú olójú kò lè jọ ojú ẹni.

O ti kéré jù láti rántí, ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá wa ń kọ́lé Mọ́níyà, bọ́ìsì-kọ́tà ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ kọ́. Inú yàrá méjì yẹn ni Bàbá, Màmá, èmi àti Ẹ̀gbọ́n Délé gbé fún ọdún mẹ́ta kí ilé iwájú tó ní òrùlé. Àárọ̀ kùtù ni Bàbá máa ń jáde pẹ̀lú páànù omi, wọ́n á máa fi wọ́n búlọ́ọ̀kù. Mo gbàgbé gbogbo èyí nígbà tí owó dọ́là wà lọ́wọ́ mi. Mo rò pé ilẹ̀ òkèèrè ní ọ̀nà mìíràn.

Ibi tí a bọ́ sí lẹ́yìn hòtẹ́ẹ̀lì ni mo fẹ́ kí o fọkàn sí. Obìnrin opó kan ní Conkal, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ilé ìsìn àtijọ́ tí àwọn àlùfáà Franciscan kọ́, ní yàrá kan lẹ́yìn ilé. Yàrá kan, ibi ìwẹ̀, sítóòfù gáàsì olójú méjì lábẹ́ òrùlé kékeré níta. Kò sí bẹ́ẹ̀dì. Ìkọ́ irin ló wà lára ògiri, bó ṣe wà nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Yucatán, ibẹ̀ ni wọ́n ń so hamaca kọ́, ìbùsùn olówùú tó ń fì láàárín ògiri méjì. Doña, bí a ṣe ń pe obìnrin náà, fún wa ní méjì. Bàbá Fọlá ráhùn ẹ̀yìn fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, kò fẹ́ sùn sórí ohun mìíràn mọ́, torí afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá nígbà ooru. Owó tí à ń san létí òkun fún oṣù kan, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mélòó kan ló rà fún wa níbẹ̀, pésò ni a sì ń san. Owó pésò ni kí ẹ bá onílé ṣe àdéhùn. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ dọ́là fún yín, àlejò ló kọ ilé náà fún.

Láti yàrá yẹn, mo ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. Aago méje àárọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ti dé, èmi náà ti dé. Ibẹ̀ ni mo ti mọ varilla, irin ìkọ́lé, mo mọ castillo, òpó kọ́ńkéré onírin inú ògiri, mo mọ cimbra, pákó tó ń gbé kọ́ńkéré ró títí á fi le, mo mọ ìyàtọ̀ àpòpọ̀ símẹ́ǹtì tó dára àti èyí tí omi ti pọ̀ jù. Mo mọ̀ pé ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ń gba owó iṣẹ́, owó tútù, kò sí pé báǹkì ò tíì san. Mo mọ orúkọ ọmọ wọn.

Lọ́jọ́ kìíní oṣù Karùn-ún, Doña bi mí pé kí ni màá sè fún àwọn òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ kẹta. Mo ní kí ló dé. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ kẹta oṣù Karùn-ún ni Día de la Santa Cruz, ọjọ́ àwọn bíríkìlà ní gbogbo Mẹ́síkò. Wọ́n máa ń kan àgbélébùú igi, wọ́n á fi òdòdó àti bébà aláwọ̀ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n á gbé e sí ibi tó ga jù lọ lára ilé tí wọ́n ń kọ́, onílé á sì fún wọn lóúnjẹ àti ohun mímu. Bí mo bá wà létí òkun, ọjọ́ yẹn ì bá kọjá lórí mi, wọn ì bá sì máa wò mí bí àjèjì tí kò kà wọ́n sí. Èmi àti Doña dáná láti ìdájí. Ó se ẹlẹ́dẹ̀, ó ṣe tọ̀tíyà, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn. Èmi se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, mo din dòdò, torí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà wà lọ́jà wọn níbí. Wọ́n jẹ ẹ́ tán pátá. Ọ̀gá bíríkìlà bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbàdúrà sí ilé náà. Àgbélébùú yẹn ṣì wà nínú yàrá mi.

Nítorí náà, owó ibi tí ẹ máa gbé ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀, kí ẹ tó ra búlọ́ọ̀kù kan. Iye oṣù yòówù tí wọ́n bá sọ fún yín, ẹ fi ìlọ́po méjì rẹ̀ ṣírò owó ilé. Ìwé àṣẹ ìkọ́lé lè pẹ́. Òjò á rọ̀ láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹwàá, ìjì líle a sì máa jà títí oṣù Kọkànlá. Àwọn àgbà ibí kò tíì gbàgbé ìjì Isidoro ti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002. Ní oṣù Kejìlá, owó ọdún tí wọ́n ń pè ní aguinaldo gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ kí ó tó di ogúnjọ́, lẹ́yìn náà kálukú á lọ sílé. Inú gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí lẹ ó ti máa san owó ilé.

Bí yàrá kan bá kéré jù fún yín, ọ̀nà mìíràn wà. Àwọn àlejò tó ń padà sí Kánádà láti oṣù Karùn-ún máa ń wá ẹni tó máa bá wọn gbé ilé, tó máa bọ́ ajá, tó máa ṣí fèrèsé. A mọ tọkọtaya kan tó gbé bẹ́ẹ̀ ní Mérida, iná nìkan ni wọ́n ń san. Àléébù rẹ̀ ni pé ìgbà òtútù á tún lé yín jáde. Tàbí kí ẹ gba ilé òfìfo. Òfìfo níbí, òfìfo ni lóòótọ́: kò sí sítóòfù, kò sí fìríìjì, nígbà mìíràn kò sí gílóòbù lókè. Ẹ ra àlòkù, ẹ tà á tẹ́ ẹ bá ń lọ. Onílé lè ní kí ẹ mú fiador wá, onígbọ̀wọ́ tó ní ilé tirẹ̀ ní ìlú náà. Ẹ ò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ bẹ̀ ẹ́ kó gba àfikún owó ìdógò dípò rẹ̀. Ẹ ní kó fi ìwé owó iná hàn yín kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Oṣù méjì-méjì ni CFE, ilé-iṣẹ́ iná ìjọba, ń mú un wá. Bí ẹ bá rí DAC, àmì owó iná gíga, lára rẹ̀, ẹ wá ilé mìíràn: ìyẹn ni pé éésì ẹni tó gbé ibẹ̀ ṣáájú ti jẹ iná kọjá ìwọ̀n láàárín oṣù méjìlá, ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò, ẹ̀yin lẹ ó sì máa san owó gọbọi náà títí ìpíndọ́gba rẹ̀ yóò fi wálẹ̀.

Èyí tó wù mí jù fún yín ni ti Bàbá wa: ẹ kọ́ yàrá kan àti ibi ìwẹ̀ sí ẹ̀yìn ilẹ̀ yín, ẹ kó wọ ibẹ̀, kí ẹ máa kọ́ ilé ńlá lọ. Yóò di yàrá àlejò lẹ́yìn náà, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó sì máa ṣọ́ símẹ́ǹtì àti irin yín lóru. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe èyí, dá mi lóhùn, Bùkọ́lá, má sì bínú: ṣé ilẹ̀ náà kì í ṣe ejido? Ilẹ̀ àjùmọ̀ní àwọn àgbẹ̀ ni ejido. Òfin yí padà ní 1992 tí wọ́n fi lè sọ ọ́ di ilẹ̀ ẹnìkan, ṣùgbọ́n títí wọ́n á fi ṣe ìwé yẹn parí, àlejò kò lè rà á. Conkal kò tó àádọ́ta kìlómítà sí òkun, nítorí náà ẹni tí kì í ṣe ọmọ Mẹ́síkò kò lè fi orúkọ ara rẹ̀ ni ilẹ̀ ilé níbẹ̀; báǹkì ló máa bá yín dì í mú nínú fideicomiso, àádọ́ta ọdún tó ṣeé sọ dọ̀tun. Ṣé iwájú notario lẹ ti fọwọ́ sí i? Notario ibí kì í ṣe ẹni tó ń lu òǹtẹ̀ ní ilé ìtajà ní Houston. Agbẹjọ́rò àgbà ni. Bí ìwé kan bá ṣì kù, ẹ má fi búlọ́ọ̀kù kan lé e.

Ẹ gba físà olùgbé fún ìgbà díẹ̀ ní kọ́ńsúléètì Mẹ́síkò ní Houston kí ẹ tó gbéra. Àlejò lásán kò lè gbà ju ọgọ́sàn-án ọjọ́ lọ, ilé yín kò sì ní parí láàárín ọgọ́sàn-án ọjọ́. Gbogbo ohun tí ẹ bá rà, ẹ gba factura rẹ̀, ìwé ẹ̀rí owó tí ìjọba mọ̀ sí, torí owó orí ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà á.

Mo ti bá Doña sọ̀rọ̀ lánàá. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló wà nínú yàrá náà báyìí, ṣùgbọ́n yóò kó jáde lẹ́yìn Hanal Pixán, ọjọ́ tí wọ́n ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún òkú wọn, nítorí náà láti ọjọ́ kẹta oṣù Kọkànlá ló ṣófo. Iye tó ń gbà nígbà òjò náà ló ń gbà nígbà òtútù. Ó ní kí n bi yín bóyá hamaca yín á jẹ́ kan ńlá tàbí méjì. Má tíì fi owó ránṣẹ́ sí Progreso. Pè mí kí ọjọ́ Àìkú tó dé, kí n lè dá a lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Ìyá Fọlá