Àdùkẹ́, bàbá yẹn ò bá ẹ jà o

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Ohùn ẹ lórí fóònù lánàá ò jẹ́ kí n sùn. O ní bàbá yẹn tó wá gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ ẹ ju káàdì sílẹ̀, wọ́n ní àwọn ò lo oògùn BP, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kankan, ara àwọn le, ìwọ náà wá ń ka rọpárọsẹ̀ àti kíndìnrín sí wọn létí. O ò parọ́, àmọ́ ẹni tí wọ́n bá ń tì á tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. Àwọn náà ò kúkú parọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni, ẹni tí BP ẹ̀ ju 140/90 lọ ṣì lè máa jó lóde àríyá. Kọ́kọ́ gba ìyẹn fún wọn ná.

Ìyá kan wà tó ń ta ata ní Bódìjà nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, BP wọn ò wálẹ̀ rárá, a sì mọ̀ pé wọn kì í lo oògùn, a bá wọn wí títí ó sú wa. Lọ́jọ́ kan mo jókòó tì wọ́n, mo ní "Màámi, kí lẹ ò fẹ́ràn nínú oògùn yìí gan-an?" mo sì panu mọ́. Ó pẹ́ kí wọ́n tó fọhùn. Wọ́n ní ó ń jẹ́ káwọn tọ̀ ṣáá, kò sì sí ibi tí wọ́n ti lè tọ̀ nítòsí ìsọ̀ wọn, tí wọ́n bá fi ata sílẹ̀, kọ́sítọ́mà á lọ. Ojú tì mí, Àdùkẹ́. Oògùn tó ń fa omi jáde lára ni, ìtọ̀ ni iṣẹ́ ẹ̀, kò sẹ́ni tó bi wọ́n rí. Àwọn fúnra wọn ló ní táwọn bá ń lò ó láago mẹ́rin táwọn bá délé ńkọ́? Dókítà ní kò burú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀.

William Miller, òyìnbó Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ lórí àwọn tí ọtí ń dà láàmú, ti kọ ọ́ láti 1983 pé ẹnu ẹni tó fẹ́ yí padà ló yẹ kí ìdí ẹ̀ ti jáde. Bi bàbá yẹn pé látorí odo dé 10, mélòó ni oògùn yìí ṣe pàtàkì sí wọn, tí wọ́n bá ní 3, má bi wọ́n pé kí ló dé tí ò tó 10 o, bi wọ́n pé kí ló dé tí kì í ṣe odo. Kó o wá gbọ́.

Àmọ́ tó bá jẹ́ 180/120 tí àyà ń dùn wọ́n, ìyẹn ò gba sùúrù, ọsibítù kíá.

O ní ìyàwó wọn á mú wọn padà wá ní Túsìdeè. Gbé àga ẹ kúrò lẹ́yìn tábìlì yẹn, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kó o pè mí tó o bá ṣe tán.

Màmá ẹ.