Má Tíì Fi Piláyà Sílẹ̀

Brampton, Ontario,
Kánádà.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí gbogbo ilé. Bá mi kí Màámi dáadáa, kí o sọ fún wọn pé ara mi le, òtútù sì ti ń rọlẹ̀. Sọ fún Bàbá pé mo gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán sí mi, lẹ́tà yìí sì ni èsì rẹ̀. Tí o bá kà á tán, kà á sí wọn létí.

O ní o fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ iná ní Basiri nígbà tó ku oṣù 8 kí o ṣe fíríìdọ́ọ̀mù, pé o fẹ́ fi oṣù 3 kọ́ kóòdù, kí o lè máa jókòó sí Adó gba dọ́là. Èmi ò bínú sí èrò náà. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dáa, mo sì fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí o yàn láti fi iṣẹ́ iná sílẹ̀ ni kò dùn mọ́ mi nínú.

Ilẹ̀kùn iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń sọ fún ọ yẹn ṣí lóòótọ́ ní 2020 àti 2021. Kòrónà sé ayé mọ́lé, gbogbo èèyàn ń rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èlé orí owó kò sì tó nǹkan ní Amẹ́ríkà, ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bá ń gba òṣìṣẹ́ lọ ràì. Ní oṣù kẹta 2022, báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èlé sókè láti ibi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo, nígbà tó fi di 2023 ó ti kọjá 5 nínú 100. Owó wọ́n, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín èèyàn kù. Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook, dá òṣìṣẹ́ 11,000 dúró ní oṣù kọkànlá 2022. Ní oṣù kìíní 2023, Google kéde pé 12,000 máa lọ, Microsoft kéde 10,000. Àwọn èèyàn yìí kò kúrò lọ́jà o. Àwọn náà ń wá iṣẹ́, wọ́n ti ṣe é rí, iṣẹ́ kékeré tí ìwọ ń wò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn náà ń kọ̀wé sí.

Òpin oṣù kọkànlá 2022 yẹn kan náà ni ChatGPT jáde, ọ̀kan lára àwọn ọpọlọ kọ̀ǹpútà (AI) tó lè báni kọ kóòdù. Ronú sí irú iṣẹ́ tí wọ́n máa ń gbé fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: tún àṣìṣe kékeré ṣe, kọ àyẹ̀wò fún kóòdù ẹlòmíì, ṣe ojú ewé kan kó jọ èyí tó wà nílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọwọ́ AI ti yá jù. Ẹni tó mọṣẹ́ ṣì gbọ́dọ̀ yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, àmọ́ kò wá ọmọ iṣẹ́ púpọ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí o fi ń rí ìkéde tó ní iṣẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, tó tún ń béèrè ìrírí ọdún 2 tàbí 3.

Ti pé kí o máa ṣe é láti Adó tún wà níbẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà nítòsí ẹni tó ń kọ́ ọ, kódà kó jẹ́ lórí fóònù. Tí aago 8 àárọ̀ bá lù ní Toronto nígbà òtútù, aago 2 ọ̀sán ni lọ́dọ̀ yín. Wọ́n á tún wá ọ̀nà tí wọ́n máa fi san owó rẹ, wọ́n á yẹ òfin iṣẹ́ àti owó orí wò. Ilé-iṣẹ́ lè fara da gbogbo ìyẹn nítorí ẹni tó ti gbówọ́. Nítorí ẹni tí wọ́n ṣì máa kọ́, ó ṣòro. Ohun tí àwọn tó jáde ní kíláàsì oṣù 3 sì ń fi hàn kì í yàtọ̀ síra: ìwé àkọsílẹ̀ ohun tí mo fẹ́ ṣe lónìí, áàpù tó ń sọ bójú ọjọ́ ṣe rí. Ẹni tó ń gbani síṣẹ́ ti rí i títí ó ti sú u.

Ní báyìí, wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ. Láti oṣù karùn-ún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ọ̀pọ̀ ilé ò lè máa da epo sí jẹnẹrétọ̀ bíi tàtijọ́. Ní oṣù kẹrin 2024, iná Band A (ti àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún) fò láti ₦68 lọ sí ₦225 fún yúníìtì kan. Ẹni tó bá lè gbé sólà sórí ilé kó má jó, kó má kú lọ́dún kejì, kò ní wá iṣẹ́ tì. Ìṣòro ni pé àwọn tó ń gbé e pọ̀, àwọn tó mọ ìṣirò rẹ̀ ò pọ̀. Jẹ́ kí n fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ, kí o fi wé ohun tí ọ̀gá rẹ ń ṣe.

Gílóòbù LED 6 oníwáàtì 10, wákàtí 5 lálẹ́: wáàtì-wákàtí 300. Fáànù 2 oníwáàtì 70, wákàtí 8: 1,120. Tẹlifíṣọ̀n oníwáàtì 80, wákàtí 4: 320. Laptop oníwáàtì 60, wákàtí 4: 240. Fíríìjì oníwáàtì 150 máa ń tan, á tún kú fúnra rẹ̀, nítorí náà ka wákàtí 8 fún un nínú 24: 1,200. Àpapọ̀ jẹ́ 3,180. Wáyà, ínfátà àti ooru orí páálí sólà yóò jẹ nínú rẹ̀, torí náà ṣe ètò 4,000. Ní Èkìtì, má ka oòrùn tó gbó dáadáa ju wákàtí 4 lọ lójúmọ́. 4,000 pín sí 4 jẹ́ wáàtì 1,000, páálí 550 méjì nìyẹn. Láti oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án kò ní tó. Sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà kí o tó gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, má dúró di ìgbà tí òjò bá dé.

Bátìrì lítíọ́ọ̀mù 25.6V 100Ah kan gba 2,560. Lo 80 nínú 100 rẹ̀, o ní bíi 2,050 fún òru. Tó bá jẹ́ bátìrì olómi 12V 200Ah méjì, 4,800 ló wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n ìdajì ni kí o máa lò, torí tí o bá ń fà á tán lójoojúmọ́ kò ní pẹ́ kú. Ínfátà ńkọ́? Àròpọ̀ ohun tó lè tàn lẹ́ẹ̀kan náà jẹ́ 490, ẹlòmíì á sì ra 800VA. Fíríìjì yẹn, ní ìṣẹ́jú àáyá tó bá fẹ́ gbéra, ó lè fà tó ìlọ́po mélòó kan 150 rẹ̀. Ínfátà á máa kígbe, á kú, wọ́n á ní bátìrì ni kò dáa. 1.5kVA oní-24V ni kí o gbé.

Àwọn ibi tí owó ti ń ṣòfò nìyí. Páálí 550 kan máa ń ní bíi fóòtì (V) 50 nígbà tí nǹkan kan ò tíì fà á. Tí wọ́n bá kọ 145V sí ara ẹ̀rọ tó ń gba iná páálí, méjì ni kí o so tẹ̀léra. Mẹ́ta á di 150, ẹ̀rọ náà lè kú lọ́jọ́ náà. Òtútù sì máa ń gbé fóòtì náà sókè, nítorí náà àárọ̀ ọyẹ́ ní Ẹ̀fọ̀n burú ju ọ̀sán gangan lọ. Má fi bréékà AC (iná ilé) sí ojú ọ̀nà DC (iná páálí àti bátìrì) láé. Iná AC tiwa máa ń kan òdo ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ló ń pa ẹ̀ta iná tó bá fò nínú bréékà nígbà tó bá já. DC kì í kan òdo. Iná á máa jó láàárín irin méjèèjì títí rọ́bà á fi yọ́.

Wáyà ńkọ́, èyí ni kí o máa ṣe kí o tó sanwó. Bó awọ rẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan. Mú ẹyọ irin kan, fi ojú ọ̀bẹ họ ọ́ jẹ́jẹ́, kí o yí i sí ojú oòrùn. Kọ́pà á pupa dé inú. Tí ibi tí o họ bá ń funfun, alumíníọ́ọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà kùn ni, kódà kí wọ́n kọ 2.5 sí i lára gàdàgbà. Tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, kò ní pẹ́ kán. Ibi tí wọ́n bá ti fi ìdè mú un nínú sókẹ́ẹ̀tì ni á kọ́kọ́ máa gbóná, awọ á dúdú, á máa rùn. Ilé tó ń jó ní òru, ibi tó kéré báyìí ló ti lè bẹ̀rẹ̀.

Ti wáyà ilẹ̀, èyí tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, kù. Lápá Ìkẹ́rẹ́ tí àpáta ò jìn sójú ilẹ̀, ọ̀pá oní-1.2m lè má wọlé tán, àwọn kan á sì gé èyí tó kù sọnù. Èyí burú gan-an. Wá ibòmíì gbìn ín, tàbí gbin méjì, kí àárín wọn tó gígùn ọ̀pá kan ó kéré tán, kí o so wọ́n pọ̀. Inú ọ̀gbẹlẹ̀ ni kí o ti wọ̀n bí ilẹ̀ ṣe ń gba iná sí. Lẹ́yìn òjò, gbogbo ilẹ̀ ló máa ń dáa.

Gbogbo èyí ò sí nínú kíláàsì oṣù 3 kankan. Ọwọ́ ọ̀gá ni wọ́n ti ń gbà á, ọwọ́ ọ̀gá náà sì ni ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ sí wà.

Lọ ra ìwé àkọsílẹ̀ aláwọ líle kan. Lójoojúmọ́ kọ déètì, iye wákàtí, ilé tí ẹ ti ṣiṣẹ́, ohun tí o ṣe gan-an (má kàn kọ “iṣẹ́ iná”, kọ “mo fa wáyà 2.5 sí sókẹ́ẹ̀tì 6, mo dì wọ́n sí bréékà 20A”), àti ẹni tó dúró tì ọ́. Ní ìparí oṣù, kí ọ̀gá rẹ buwọ́ lù ú, kí ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i. Ní Ontario níbí, wákàtí 9,000 ni wọ́n ń kà kí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ iná tó parí, ìpele 5, wákàtí 1,800 níkọ̀ọ̀kan, kíláàsì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè lè ní kí Skilled Trades Ontario, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ ọwọ́ níbí, yẹ ìrírí òun wò, tí wọ́n bá gbà á, kí ó jókòó fún ìdánwò: ìbéèrè 100, máàkì 70 ni wọ́n fi ń yege. Lẹ́tà ọ̀gá tó sọ déètì, wákàtí àti irú iṣẹ́ ni wọ́n máa béèrè. Tí o bá fi ọ̀gá sílẹ̀ nígbà tó ku oṣù 8, pẹ̀lú ìbínú, ta ni yóò kọ ọ́ fún ọ?

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé wáyà nìkan ni físà. Ètò Federal Skilled Trades ti Kánádà ń béèrè ọdún 2, ìyẹn wákàtí 3,120, láàárín ọdún 5 tó ṣáájú, iṣẹ́ tí wọ́n sanwó fún ni. Èyí tí o fi ń sin ọ̀gá lọ́fẹ̀ẹ́ kò wọ inú kíkà yẹn, nítorí náà ẹ̀yìn fíríìdọ́ọ̀mù ni aago rẹ máa bẹ̀rẹ̀. Tọ́jú rìsíìtì àti owó tó wọlé sí báńkì. Ó tún ń béèrè Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé, àti bóyá ọ̀gá iṣẹ́ kan níbí tó ṣe tán láti gbà ọ́ tàbí ìwé ẹ̀rí láti ìpínlẹ̀ kan níbí. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà ń wá ẹni tó máa gbà á níbí, ọ̀pọ̀ sì ń pẹ́ kí wọ́n tó rí i. Iṣẹ́ tiwọn náà yàtọ̀: 120 àti 240V ni iná ilé, funfun ni wáyà neutral wọn (èyí tí iná ń gbà padà), tí tiwa ń jẹ́ dúdú tàbí búlúù, dúdú wọn ló ń gbé iná. Ẹni tó bá gbàgbé èyí lè kú. Nílé, ṣe Trade Test ìjọba àpapọ̀ láti Grade 3 lọ sókè, kí o sì lọ béèrè ìwé ẹ̀rí NEMSA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ààbò iná.

Kóòdù ńkọ́? Kọ́ ọ lálẹ́, kí o sì kọ́ ọ sórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Fi Python, èdè kọ̀ǹpútà kan, kọ ìṣirò ilé tí mo ṣe sókè yìí, kí ó gba àwọn ohun inú ilé, kí ó sọ iye páálí àti bátìrì, kí ó sì kìlọ̀ tí fóòtì páálí bá kọjá. Oníbàárà rẹ fúnra rẹ̀ á lò ó. Lẹ́yìn náà lọ sí Modbus, èdè tí ínfátà fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ínfátà ní ihò RS485, wáyà méjì, A àti B, 9600 ni ìyára ọ̀pọ̀ wọn. Tí o bá fi A sójú B, kò ní sọ nǹkan kan, kò sì ní jó, wọ́n á kàn ní ó bàjẹ́. Tí ínfátà àti lítíọ́ọ̀mù kò bá sọ èdè kan náà, iye tó kù nínú bátìrì kò ní hàn, iná á kàn kú lójijì. Ẹni tó lè fi laptop ka nọ́ńbà wọ̀nyẹn, kó sì gun òrùlé lọ tún ìdè ṣe, mélòó ni o mọ̀ ní Adó? Laptop àlòkù oní-8GB tó fún ìyẹn, 16GB bí owó bá gbà.

Mo ń fi clamp meter (mítà tó ń wọ̀n iná tó ń kọjá nínú wáyà) àti wáyà USB sí RS485 ránṣẹ́. Mítà yẹn ń ka DC pẹ̀lú, púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń tà ní ọjà ò lè kà á. Tẹ bọ́tìnnì zero kí o tó fi gbá wáyà mú, wáyà kan ṣoṣo ni kí o gbá, torí tí o bá gbá pósítíìfù àti nẹ́gátíìfù pọ̀, òdo ló máa sọ. Ya fọ́tò ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé wákàtí rẹ ránṣẹ́ sí mi ní ìparí oṣù, kí orúkọ ọ̀gá wà níbẹ̀. Bá mi kí wọn, kí o sọ pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ.